Bí Ọmọ Ènìyàn Ṣe Kọ́ Láti Rìn Nínú Kùrukùru Lórí Òkè

Ẹni tó bá ti gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ yóò ti rí bí àwọn àpáta ńláńlá ìlú náà ṣe ń hàn láti ọ̀nà jíjìn, tó fi jẹ́ pé àlejò kò nílò kí ẹnikẹ́ni tọ́ka ìlú fún un. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku aṣálẹ̀ bo gbogbo ilẹ̀, àwọn àpáta kan náà a di ohun tí à ń wá tì. Àpáta kò kúrò níbi tó wà. Ojú ni kò tó o mọ́. Kí ni ènìyàn lè fi rọ́pò ojú rẹ̀ nígbà tí kùrukùru bá bo orí òkè, níbo sì ni ọgbọ́n náà ti wá? Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn.

Skọ́tlándì, tí a mọ̀ sí Écosse ní èdè Faransé, ni a ó dúró sí jù lọ. Òkè tó ga jù níbẹ̀, Ben Nevis, kò ju 1,345 mítà lọ, kò sì tó ìdajì àwọn òkè Alps tó gbajúmọ̀. Síbẹ̀, kùrukùru àti òjò dídì àwọn òkè wọ̀nyẹn ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tó ń gùn wọ́n sì ti fi ojú rí màbo kí wọ́n tó kọ́ ọgbọ́n tí a ń sọ yìí. Ìdí mìíràn tún wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ya courbes de niveau nínú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ayé, wọ́n ń wọn igun pẹ̀lú rapporteur, wọ́n ń ṣírò àkókò àti ìrìn, wọ́n sì gbà pé nítorí ìdánwò nìkan ni. Ìtàn fi hàn pé àwọn ènìyàn wà tí ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́ ìṣirò wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ènìyàn fúnra rẹ̀, nítorí ara yìí kò mọ ọ̀nà tààrà bí a ti rò. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé ẹni tó sọnù nínú igbó a máa rìn títí, a sì tún padà bá ipasẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn kan ní iwin ló ń yí i po. Ní 2009, Jan Souman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwádìí Max Planck tó wà ní Tübingen, ní Jámánì, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn rìn tààrà nínú igbó Bienwald ní Jámánì àti nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Tùnísíà. Àwọn tó rí oòrùn tàbí òṣùpá rìn tààrà dé ìwọ̀n tó dára. Àwọn tí ìkùukùu bo oòrùn mọ́ lójú yí po, wọ́n sì tún gba orí ọ̀nà tí wọ́n ti rìn tẹ́lẹ̀ kọjá láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n di ojú àwọn mìíràn, yíyí náà burú débi pé ìbú òbírí tí àwọn kan rìn kò ju 20 mítà lọ. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń wí. Àṣìṣe kékeré ló ń gun orí ara wọn nígbà tí kò sí ohun tí ojú lè fi tún wọn ṣe. Èyí ló dé tí ẹni tó bá sọ nínú kùrukùru pé “ọkàn mi sọ fún mi pé ọ̀nà nìyí” fi ń wu ara rẹ̀ léwu. Nínú kùrukùru, ọkàn kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé.

Nítorí náà, ènìyàn nílò ohun kan tí kì í yí po. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ kedere: ní nǹkan bí 1088, Shen Kuo ṣàpèjúwe abẹ́rẹ́ òòfà tó máa ń kọjú sí ibì kan náà. Ní Yúróòpù, Alexander Neckam kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí 1190, ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ ojú omi ló sì ń sọ. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn: fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun èlò òkun ni kọ́ḿpáàsì, tí a ń pè ní boussole ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tó ń gun òkè gbára lé òkìtì òkúta tí àwọn tó ti kọjá kó jọ, tàbí lé darandaran tó mọ ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ wa ṣe ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi kí wọ́n lè mọ ọ̀nà padà. Àmì bẹ́ẹ̀ dára títí kùrukùru yóò fi bo òun náà mọ́lẹ̀.

Ní Swídìn ni kọ́ḿpáàsì ti di ohun èlò ẹlẹ́sẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn eré ìje kan tí sárésáré ti ń wá ọ̀nà nínú igbó pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀, ní 1933 sì ni àwọn ọmọ Kjellström àti Gunnar Tillander so abẹ́rẹ́ òòfà mọ́ rapporteur lórí pálí kan ṣoṣo tí ojú lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó kéré ni, ṣùgbọ́n ó yí nǹkan padà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó fẹ́ mọ igun ọ̀nà rẹ̀ ní láti tẹ́ àwòrán ilẹ̀, kí ó mú rapporteur jáde, kí ó sì tún mú kọ́ḿpáàsì, nínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ kan tó. Ó gbé etí pálí náà lé ibi tó wà àti ibi tó ń lọ, ó yí ojú rẹ̀ títí ìlà inú rẹ̀ fi bá àríwá àwòrán mu, ó ṣe àtúnṣe fún ìyàtọ̀ tó wà láàárín àríwá àwòrán àti àríwá òòfà, ó sì ń tẹ̀ lé ọfà. Àbùkù kan kù: ní erékùṣù Skye, ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì, òkúta àwọn òkè Cuillin ní òòfà nínú débi pé ó máa ń fa abẹ́rẹ́ kúrò ní ipò. Níbẹ̀, ẹni tó gbọ́n kì í gba kọ́ḿpáàsì gbọ́ láìwádìí.

Àwòrán ilẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀, àwọn Faransé sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ya òkè bí òkìtì èèrùn tàbí kí wọ́n fa ìlà tínínrín púpọ̀ sí ara rẹ̀. Ó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bí òkè ṣe ga tó. Philippe Buache, ọmọ Faransé, fi ìlà so àwọn ibi tí jíjìn òkun wọn dọ́gba nínú àwòrán òkun tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìsàlẹ̀ omi ni ìmọ̀ yìí ti gòkè wá sórí ilẹ̀. Ní 1774, Nevil Maskelyne lọ sí òkè Schiehallion ní Skọ́tlándì láti wọn bí òkè ṣe ń fa ìwọ̀n tí a so mọ́ okùn, kí wọ́n lè fi ṣírò bí ayé ṣe wúwo tó. Bouguer àti La Condamine, ọmọ Faransé méjì, ti dán irú rẹ̀ wò lórí Chimborazo ní 1738, kò sì yọrí sí rere púpọ̀. Ojú ọjọ́ Schiehallion burú; òjò àti ìkùukùu ń dí Maskelyne lọ́wọ́ láti rí ìràwọ̀. Nígbà tí wọ́n wọn òkè náà tán, ọ̀pọ̀lọpọ̀ iye ni wọ́n gbé fún Charles Hutton, onímọ̀ ìṣirò. Hutton rí i pé tí òun bá fi ìlà so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba, ìrísí òkè náà a hàn lójú kan náà. Ní 1791, Dupain-Triel ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ sórí àwòrán gbogbo ilẹ̀ Faransé.

Báwo ni ìlà yìí ṣe ń ran ẹni tí kò rí nǹkan lọ́wọ́? Nípa ẹsẹ̀ ni. Nínú kùrukùru, ojú lè má ríran ju mítà mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń dà sísàlẹ̀, síhà ibo ni ó ń dà sí, àti ìgbà tí ó tẹ́jú. Tí àwòrán bá sọ pé kí ilẹ̀ máa dà sí ìlà-oòrùn, tí kọ́ḿpáàsì sì ń fi hàn pé ó ń dà sí àríwá, ẹni náà ti mọ̀ pé òun kò sí níbi tí òun rò.

Ìtàn tó wù wá jù nínú gbogbo èyí ni ti kíka ìṣísẹ̀, bóyá nítorí pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bí tiwa ló wà nínú rẹ̀. Kíka ìṣísẹ̀ ti pẹ́ láyé: láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù, mille passus, ni orúkọ máìlì ti wá, ìyẹn ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀, tí wọ́n ń ka ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún pọ̀ bí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ìmọ̀ ni Nain Singh, olùkọ́ kan láti abúlé Milam ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya. Ní àwọn ọdún 1860, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ Íńdíà fẹ́ mọ ilẹ̀ Tìbẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò gba òyìnbó láyè. Ọ̀gá ológun wọn, Thomas Montgomerie, kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní iṣẹ́ yìí. Wọ́n kọ́ Nain Singh láti máa gbé ìṣísẹ̀ kan náà, yálà ó ń gun òkè tàbí ó ń sọ̀. Ó wọṣọ bí arìnrìn-àjò ẹ̀sìn, ó sì mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pè ní tẹ̀sùbáà. Ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń jẹ́ 108. Tirẹ̀ jẹ́ 100 péré, kò sì sí ẹni tó kà á. Tó bá rin 100 ìṣísẹ̀, a fa ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ó fi ìwé tó ń kọ iye sí pamọ́ sínú ohun èlò àdúrà tí wọ́n ń yí lọ́wọ́. Báyìí ni ó ṣe wọ Lhasa ní oṣù kìn-ín-ní 1866, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ọ̀nà tí kò sí lórí àwòrán àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1877, ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ayé ní London fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà.

Ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn agunkè ń lò lónìí. Wọ́n ń ka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, òsì tàbí ọ̀tún, kí iye má baà pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà a máa ka nǹkan bí 60 sí 70 nínú 100 mítà lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Iye yìí a pọ̀ sí i lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a sì pọ̀ gan-an nínú òjò dídì. Olúkúlùkù ni ó ní láti mọ tirẹ̀, nítorí iye ọ̀rẹ́ ẹni kò ṣeé yá.

Tí ọ̀nà bá gùn, kíka ìṣísẹ̀ a rẹ ènìyàn. Àkókò ni a ó wá fi wọ̀n ọ́n. Ní 1892, William Naismith, ọ̀kan nínú àwọn agunkè Skọ́tlándì, fi òfin kan lélẹ̀ tí wọn kò tíì pa tì: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, pẹ̀lú wákàtí kan sí i fún gbogbo 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tí ènìyàn bá gùn. Nínú ìwọ̀n tiwa, ẹ jẹ́ kí a sọ pé kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan, àti ìṣẹ́jú kan fún mítà mẹ́wàá gíga. Ẹni tó ń rin kìlómítà méjì tó sì ń gun 300 mítà nínú rẹ̀ yóò lo ìṣẹ́jú 24 àti ìṣẹ́jú 30, ìyẹn 54. Òfin náà kò mọ̀ nípa àárẹ̀, ẹrù tàbí ìjì, nítorí náà ẹni tó ń lò ó ní láti fi kún un. Ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ nínú kùrukùru ga: tí ìṣẹ́jú 54 bá di 80 tí ẹni náà kò sì tíì dé, ago ti sọ fún un pé kí ó dúró kí ó tún inú rò, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń fẹ́ láti máa lọ.

Orí Ben Nevis ni gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí ti pàdé. Láti 1883 sí 1904, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń gbé nínú ilé òkúta kan ní ṣóńṣó òkè náà, wọ́n ń kọ bí afẹ́fẹ́ àti òtútù ṣe rí sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1894, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ C. T. R. Wilson ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọ̀ tí oòrùn ń yọ lára ìkùukùu wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó padà sí yàrá ìwádìí láti ṣe ìkùukùu tirẹ̀, ohun èlò tó ti inú rẹ̀ jáde sì mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1927. Ìkùukùu tó ń pa ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ìdí tí òkè náà fi ń pani nìyí: ṣóńṣó rẹ̀ tẹ́jú, ó sì fẹ̀, ṣùgbọ́n ní àríwá rẹ̀ ọ̀gbun ńlá wà tó súnmọ́ ọ̀nà pẹ́kípẹ́kí, pàápàá gegele tí wọ́n ń pè ní Gardyloo Gully. Ẹni tó bá sì sá fún ọ̀gbun yẹn jù lè já sínú Five Finger Gully ní ìhà kejì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn agunkè ní iye méjì: láti ara òpó ìwọ̀n tó wà ní ṣóńṣó, kí wọ́n rìn ní igun 231 fún 150 mítà, lẹ́yìn náà kí wọ́n yà sí igun 282 títí wọn yóò fi bọ́ sí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀. Igun orí àwòrán ni méjèèjì. Ìyàtọ̀ òòfà ọdún náà ni ẹni tó ń lọ yóò fi kún un tàbí yọ kúrò. Ẹni tí kò lè ka 150 mítà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kò mọ ibi tí yóò ti yà, tó bá sì yà ṣáájú àkókò tàbí tó pẹ́ jù, kọ́ḿpáàsì rẹ̀ yóò darí rẹ̀ dáadáa sínú ewu.

Àwọn ọgbọ́n kéékèèké mìíràn wà tí a kò ní dúró lé lórí púpọ̀. Ẹni tó ń wá afárá lórí odò a máa mọ̀ọ́mọ̀ kọjú sí apá òsì rẹ̀, kí ó lè mọ̀, bó bá dé etí omi, pé apá ọ̀tún ni kí òun yà sí. Tí gbogbo ayé bá funfun, tí ilẹ̀ àti ọ̀run kò yàtọ̀ síra, ẹni méjì a máa ṣe é báyìí: ọ̀kan lọ síwájú títí ojú fi fẹ́ẹ̀ má rí i mọ́, èkejì ń wo kọ́ḿpáàsì, ó ń kígbe “yà sọ́tùn-ún, yà sósì”, títí ẹni iwájú fi bọ́ sórí ìlà. Ẹni tó bá sì dá wà a mọ òjò dídì bí ẹyin, a jù ú síwájú: tó bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀, tó bá pòórá, kí ó má ṣe gbé ẹsẹ̀.

Ó ṣòro fún olùkọ́ láti kọ èyí tó kù. Ní oṣù kọkànlá 1971, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Edinburgh lọ rìn lórí òkè Cairngorm. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n pín sí. Ètò wọn ni pé bí ojú ọjọ́ bá burú, wọn yóò sùn nínú ahéré Curran, ilé kékeré kan tí wọ́n kọ́ sórí òkè náà, níbi tó ga ju 1,000 mítà lọ, fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ìjì òjò dídì dé. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ lágbára jù, dé ahéré náà. Ẹgbẹ́ kejì kò dé ibẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tó ń ṣáájú wọn, ọ̀kan ẹni ogún ọdún, èkejì ẹni ọdún 18. Wọ́n sun òru méjì nínú òjò dídì. Nígbà tí àwọn olùgbàlà rí wọn ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, ọmọ márùn-ún àti ẹni ọdún 18 náà ti kú. Ẹni ogún ọdún náà ti ń fi ọwọ́ àti orúnkún wọ́ lọ wá ìrànlọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí i láti inú hẹlikọ́pítà. Òun àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló yè.

Ìwádìí ìjọba wáyé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àríyànjiyàn tó sì tẹ̀ lé e kò rọrùn. Àwọn kan ní kí wọ́n fi àwọn ahéré náà sílẹ̀, nítorí ahéré kan náà ló gba ẹgbẹ́ kìn-ín-ní là. Àwọn mìíràn dáhùn pé ahéré tí kùrukùru àti òjò dídì lè fi pamọ́ kì í ṣe ibi ìsádi. Ńṣe ló ń fa àwọn tí kò ní ìmọ̀ tó lọ sókè, tí wọ́n á máa rìn lọ síbẹ̀ nígbà tó yẹ kí wọ́n padà. Ní 1975, wọ́n wó ahéré Curran. Lójú tiwa, àwọn tó wó o ni ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù, kì í sì í ṣe nítorí pé ahéré burú. Ẹni tó lè rí ilé yẹn nínú ìjì ti ní ìmọ̀ tó láti sọ̀ kalẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí kò ní ìmọ̀ náà kò lè rí i nígbà tó nílò rẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń ṣáájú ọmọdé lórí òkè ṣe le sí i ní Bìrìtéènì láti ìgbà náà.

Àwọn kan yóò sọ pé fóònù ti parí gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé láti ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2000, tí ìjọba Amẹ́ríkà dẹ́kun dída ìró sátẹ́láìtì GPS rú fún àwọn ará ìlú, ohun èlò kékeré lè sọ ibi tí ènìyàn wà pẹ̀lú àṣìṣe mítà díẹ̀. Ó ti gba ẹ̀mí là, a kò sì ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n òtútù a máa mu bátìrì gbẹ, ojú fóònù kì í sì í gbọ́ràn sí ìka tó tutù nini. Ó sì ń sọ ibi tí a wà. Kò fi dandan sọ ohun tó wà láàárín wa àti ibi tí à ń lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ dán ọgbọ́n yìí wò kò nílò òkè. Ẹ wá okùn, ẹ fi wọn 100 mítà lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́, kí olúkúlùkù rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó sì kọ iye ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ di ojú ẹnì kan, kí ó rìn síhà òpó bọ́ọ̀lù ní ìdákẹ́jẹ́ láìsí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kí ó sì máa gbé òkúta kan sílẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n bá tú aṣọ náà, kí ó yí padà wo bí àwọn òkúta rẹ̀ ṣe tò.